Ẹni tí ń Wá Nǹkan nínú Àká: Iṣẹ́ Iwájú Ọpọlọ nínú Ìrántí

 Ọ̀rọ̀ ìrántí ni mo fẹ́ bá yín sọ, pàápàá jù lọ iṣẹ́ tí apá iwájú ọpọlọ ń ṣe nígbà tí a bá fẹ́ yọ ohun tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ jáde.

ÌFÁÁRÀ

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti inú yàrá ìwádìí nìkan. Bí a bá ṣe lóye ìgbàgbé ni a ó ṣe dá ẹni tí ó gbàgbé lẹ́jọ́. Ọmọ ilé-ìwé tí kò lè dáhùn ìbéèrè, a ní ó yọ̀lẹ. Àgbàlagbà tí kò rántí orúkọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, a ní ọpọlọ rẹ̀ ti tán. Ẹlẹ́rìí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti àná kò bá ti òní mu, a ní òpùrọ́ ni. Ẹni tí ó fi orí gbálẹ̀ nínú ìjàǹbá ọkọ̀, tí ara rẹ̀ yá, tí ó wá ń sọ ìtàn ohun tí kò ṣẹlẹ̀, àwọn ará ilé rẹ̀ a máa bínú sí i. Ó ṣeé ṣe kí ẹjọ́ tí a dá fún wọn yìí má tọ́.

Kókó ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ìgbàgbé kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ àdánù. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí a gbàgbé wà níbi tí a tọ́jú rẹ̀ sí. Wíwá ni a kò rí i wá. Àwọn àgbà ní ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò. Ọpọlọ ní apá tí ń ṣe iṣẹ́ àká, ó sì ní apá tí ń ṣe iṣẹ́ ẹni tí ń wọ inú àká lọ láti wá ohun tí a fẹ́, láti yan èyí tí ó tọ́, àti láti yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó gbé e jáde. Iwájú ọpọlọ ni olórí nínú àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ kejì yìí.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n la ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí n óò máa lò. Ìpamọ́ ni fífi ohun tí a rí tàbí tí a gbọ́ pamọ́ sínú ọpọlọ. Ìyọjáde ni mímú ohun tí a ti pa mọ́ padà wá sí ìta. Ìránnilétí ni ohunkóhun tí ó bá ṣí ọ̀nà fún ìyọjáde, ìbáà ṣe ọ̀rọ̀, òórùn, orin tàbí ojú ènìyàn. Ìdámọ̀ ni kí a rí nǹkan kí a sì mọ̀ pé a ti rí i rí. Èdè wa ti mọ ìyàtọ̀ yìí tipẹ́. Bí mo bá bẹ ẹnì kan pé kí ó rán mi létí, n kò ní kí ó kọ́ mi ní ohun tuntun. Ohun tí mo ń bẹ̀ ẹ́ ni pé kí ó ta mí lólobó, kí ohun tí mo ti mọ̀ lè jáde.

ÀKÁ ÀTI ẸNI TÍ Ń WỌ INÚ RẸ̀

Ní ọdún 1953, ní ìlú Hartford ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, oníṣẹ́-abẹ kan tí ń jẹ́ William Scoville ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 27 kan tí wárápá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ di aláìlèṣiṣẹ́. Henry Molaison ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n H.M. ni àwọn ìwé ìmọ̀ ń pè é títí ó fi kú ní ọdún 2008. Scoville gé apá kan kúrò nínú ọpọlọ rẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì, ní ìhà tí ó kọjú sí etí, èyí tí ó pọ̀ nínú ẹ̀yà kékeré tí a ń pè ní hipokámpọ́ọ̀sì sì bá a lọ. Wárápá náà rọlẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni Molaison kò ti lè pa ìṣẹ̀lẹ̀ tuntun mọ́ sínú mọ́. Brenda Milner, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá láti Montreal, yẹ̀ ẹ́ wò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Molaison rántí ìgbà èwe rẹ̀. Ó ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ bí ọlọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó ń bá a sọ̀rọ̀ bá jáde fún ìṣẹ́jú díẹ̀, tí ó sì padà wọlé, àlejò tuntun ni ó jẹ́ lójú rẹ̀. Àpilẹ̀kọ tí Scoville àti Milner gbé jáde ní ọdún 1957 ni ó fi yé ayé pé hipokámpọ́ọ̀sì ni ẹnu ọ̀nà àká. Láìsí i, ọjà tuntun kò lè wọlé.

Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà àká àti ohun tí ó wà nínú àká kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀. Ní ọdún 1966, Endel Tulving àti Zena Pearlstone, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Toronto ní ilẹ̀ Kánádà, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ láti há sórí. A pín àwọn ọ̀rọ̀ náà sí ìsọ̀rí: ẹranko nínú ìsọ̀rí kan, ohun èlò nínú òmíràn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ó tó àkókò láti rántí, a fún apá kan nínú wọn ní ìwé òfìfo. A fún apá kejì ní orúkọ àwọn ìsọ̀rí náà. Àwọn tí ó rí orúkọ ìsọ̀rí rántí ọ̀rọ̀ púpọ̀ ju àwọn yòókù lọ. Èyí tí ó wá ṣe pàtàkì jù ni pé nígbà tí a padà fún àwọn oníwèé òfìfo náà ní orúkọ ìsọ̀rí, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti jẹ́wọ́ pé àwọn ti gbàgbé tún ń jáde. A kò kọ́ wọn ní ohunkóhun láàárín ìgbà méjèèjì. Ohun tí ó wà nílẹ̀ ni wọn kò rí mú. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti ń fi ìyàtọ̀ sáàárín ohun tí ó wà nínú àká àti ohun tí ọwọ́ lè tó.

IBI TÍ IWÁJÚ ỌPỌLỌ WÀ

Bí a bá fi ọwọ́ kan iwájú orí wa, ohun tí ó wà lẹ́yìn egungun agbárí níbẹ̀ ni apá tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìpele tí ó bo ọpọlọ lókè, tí ó ká wérékéwéré bí èèpo igi àgbà, ni n óò máa pè ní èèpo ọpọlọ. Lára ènìyàn, gbogbo apá iwájú tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta èèpo yìí. Ìhà ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó ń darí ìgbòkègbodò ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ẹnu. Ìhà iwájú pátápátá kò darí ẹsẹ̀, kò darí ojú. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni ètò, ìkóra-ẹni-níjàánu àti ìpinnu. Korbinian Brodmann, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ya àwòrán èèpo ọpọlọ ní ọdún 1909, ó sì fún ibì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Títí di òní ni a ṣì ń fi nọ́ńbà rẹ̀ tọ́ka sí àwọn àgbègbè tí ó wà níwájú. Apá yìí ni ó pẹ́ jù lọ kí ó tó gbó: ọmọ ènìyàn a máa lé ní ogún ọdún kí ó tó tó tán. Ó sì wà lára èyí tí ọjọ́ ogbó kọ́kọ́ ń dín kù.

Fún ìgbà pípẹ́ ni a kò ka iwájú ọpọlọ kún àwọn tí ó ní í ṣe pẹ̀lú ìrántí. Ìdí rẹ̀ ni pé bí ibẹ̀ bá fara gbọgbẹ́, àká kì í ṣófo. Ní ọdún 1848, lẹ́bàá ìlú Cavendish ní Vermont ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹ̀tù bú gbàù lójú Phineas Gage, ẹni ọdún 25 tí ó jẹ́ olórí àwọn òṣìṣẹ́ ojú-irin. Ọ̀pá irin tí ó gùn ju mítà kan lọ gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọlé, ó gba òkè orí rẹ̀ jáde, ó sì ba iwájú ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Gage kò kú títí di ọdún 1860. John Harlow, dókítà tí ó tọ́jú rẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìwà rẹ̀ yí padà, ṣùgbọ́n pé ó ń rántí ohun tí ó ti kọjá. Irú ẹ̀rí báyìí ni ó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ ìwà nìkan ni ti iwájú ọpọlọ. Àwọn ìdánwò tí ó jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó fi hàn lẹ́yìn náà pé iṣẹ́ mẹ́ta ni ó ń ṣe nínú ìrántí: wíwá, yíyàn àti yíyẹ̀wò. Ẹ jẹ́ kí á mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

IṢẸ́ KÌÍNÍ: WÍWÁ

Mo fẹ́ kí olúkúlùkù yín dákẹ́ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú kan, kí ó sì máa ka orúkọ ẹranko nínú ọkàn rẹ̀, iye tí ó bá lè kà.

Ó dá mi lójú pé ọ̀pọ̀ yín bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé: ewúrẹ́, àgùntàn, ajá, ológbò. Nígbà tí ti ilé tán, ẹ dúró díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ẹ bọ́ sínú igbó: ẹkùn, kìnnìún, erin, ẹfọ̀n. Bóyá àwọn kan tún bọ́ sínú omi lẹ́yìn èyí, tí wọ́n mú ọ̀nì àti erinmi. Ohun méjì ni ẹ ṣe. Ẹ kó ẹranko inú ìsọ̀rí kan jọ; ẹ sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí ẹ fi ìsọ̀rí náà sílẹ̀ lọ sí òmíràn. Ní ọdún 1998, Angela Troyer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Toronto gbé ìwádìí jáde nípa irúfẹ́ ìdánwò báyìí lára àwọn tí iwájú ọpọlọ wọn ti fara gbọgbẹ́. Ìkójọ kì í ṣe ìṣòro wọn. Ìṣípòpadà ni ìṣòro, pàápàá bí ọgbẹ́ náà bá wà ní ìhà òsì. Wọn a dúró sí ibi tí ó ti gbẹ, bí ẹni tí ń fa omi nínú kànga tí kò lómi mọ́, nígbà tí kànga mìíràn wà nítòsí.

Ohun kan náà ni a rí nínú ìdánwò ọ̀rọ̀ híhá sórí. Bí a bá ní kí ẹni tí iwájú ọpọlọ rẹ̀ ti bàjẹ́ ka àwọn ọ̀rọ̀ tí ó gbọ́ láìsí ìránnilétí, díẹ̀ ni yóò mú wá. Ṣùgbọ́n bí a bá ka ọ̀rọ̀ sí i létí tí a sì bi í léèrè bóyá èyí wà nínú àwọn tí ó gbọ́, yóò dá ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ̀, ó sì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe bí ẹni tí ara rẹ̀ dá. Ẹni tí hipokámpọ́ọ̀sì rẹ̀ bàjẹ́ gidigidi bíi ti Molaison kò lè ṣe èyí, nítorí pé ọjà kò wọ inú àká rárá. Nínú ìdámọ̀, ìbéèrè fúnra rẹ̀ ti mú wa dé ẹnu ọ̀nà. Nínú ìrántí tí kò ní ìránnilétí, àwa fúnra wa ni a ní láti ṣe ìránnilétí fún ara wa. Iwájú ọpọlọ ni ó ń bá wa ṣe é.

Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ìrántí mọ ìṣòro yìí, wọ́n sì wá ọ̀nà sí i. Ẹ wo babaláwo. Ojú odù 16 àti àmúlù odù 240 ni ó ní, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 256. Abẹ́ odù kọ̀ọ̀kan ni àwọn ẹsẹ tirẹ̀ wà. Nígbà tí ọ̀pẹ̀lẹ̀ bá balẹ̀, odù tí ó yọ lójú ọpọ́n ti di ìránnilétí. Babaláwo kì í túlẹ̀ gbogbo àká kí ó tó rí ẹsẹ kan kì. Lójú mi, kì í ṣe pé iyè àwọn awo gbòòrò nìkan ni, tàbí pé wọ́n lo ìsọ̀yè; ètò tí wọ́n jogún ti ṣe ìdajì iṣẹ́ wíwá sílẹ̀ dè wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti orílẹ̀ nínú oríkì: orúkọ orílẹ̀ ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn, ìyókù a sì máa tẹ̀ lé e.

IṢẸ́ KEJÌ: YÍYÀN

Bí a bá ti dé inú àká, ìṣòro mìíràn a tún dìde. Ohun tí a ń wá kì í dá nìkan wà. Àwọn tí ó jọ ọ́ a máa dìde pẹ̀lú rẹ̀. Ìyá tí ó bí ọmọ mẹ́rin a máa pe Táyé, a pe Kẹ́hìndé, a pe Ìdòwú, kí ó tó kan Àlàbá tí ó dúró níwájú rẹ̀. Kì í ṣe pé ó gbàgbé ọmọ rẹ̀. Orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó jí lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tí yóò dá àwọn mẹ́ta yòókù dúró ni kò tètè dé.

Sharon Thompson-Schill àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi ẹ̀rọ tí ń yàwòrán ọpọlọ wo ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 1997. Wọ́n sọ orúkọ nǹkan, wọ́n sì ní kí ènìyàn sọ iṣẹ́ tí a ń fi í ṣe. Bí a bá dárúkọ àlùmọ́gàjí, iṣẹ́ kan péré ni ó tètè ń wá síni lọ́kàn, èyí ni gígé. Bí a bá dárúkọ okùn, ìdáhùn pọ̀: dídì, fífà, síso, gígùn. Apá ìsàlẹ̀ iwájú ọpọlọ lósì ṣiṣẹ́ púpọ̀ sí i nígbà tí ìdáhùn tí ń bá ara wọn jà pọ̀. Nítorí náà, kì í ṣe pé apá yìí ń rántí ọ̀rọ̀ nìkan. Ó ń dá ẹjọ́ láàárín àwọn ọ̀rọ̀.

Adájọ́ yìí lè pàṣẹ pé kí ìrántí kan má jáde rárá. Michael Anderson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ àwọn ènìyàn ní ọ̀rọ̀ ní méjì-méjì, lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ọ̀kan hàn wọ́n tí wọ́n sì ní kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí èkejì wá sí ọkàn wọn. Nínú àwòrán ọpọlọ tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2004, iṣẹ́ ìhà òkè iwájú ọpọlọ pọ̀ sí i ní àkókò yìí, ti hipokámpọ́ọ̀sì sì dín kù. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a dá dúró bẹ́ẹ̀ léraléra ṣòro láti rántí lẹ́yìn náà. Apá tí ń bá wa wá nǹkan ni ó tún ń bá wa ti ilẹ̀kùn. Ẹni tí ìbànújẹ́ ńlá ti bá rí yóò mọ bí èyí ti ṣe pàtàkì tó.

IṢẸ́ KẸTA: YÍYẸ̀WÒ

Iṣẹ́ kẹta ni mo kà sí èyí tí ó kan àwùjọ jù lọ. Nígbà tí ohun tí a wá bá ti jáde, a ní láti bi í léèrè: Níbo ni mo ti mọ̀ ọ́? Ìgbà wo ni? Ṣé mo rí i ni, àbí wọ́n sọ ọ́ fún mi, àbí mo rò ó ni?

Ní ọdún 1989, Jeri Janowsky, Arthur Shimamura àti Larry Squire, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní San Diego, kọ́ àwọn tí iwájú ọpọlọ wọn fara gbọgbẹ́ ní àwọn òdodo ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí wọn kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n bi wọ́n léèrè. Wọ́n rántí àwọn ọ̀rọ̀ náà dáradára. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bi wọ́n ní ibi tí wọ́n ti gbọ́ ọ, wọ́n ṣìnà ju àwọn tí ara wọn dá lọ: ohun tí a kọ́ wọn ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, wọ́n ní ibòmíràn ni àwọn ti gbọ́ ọ tipẹ́tipẹ́. Ìmọ̀ wà, orísun ìmọ̀ ni ó ti sọnù. Àwọn ìdánwò tí a ṣe ní ilé-iṣẹ́ Milner ní Montreal ti fi ohun tí ó jọ èyí hàn ṣáájú: àwọn tí a ti gé lára iwájú ọpọlọ wọn lè dá àwòrán méjì mọ̀, kí wọ́n má sì lè sọ èyí tí wọ́n rí gbẹ̀yìn.

Nígbà tí ọgbẹ́ bá wà ní ìhà ìsàlẹ̀ àti àárín iwájú ọpọlọ, ọ̀rọ̀ a máa le jù báyìí lọ. Iṣan ẹ̀jẹ̀ kékeré kan wà níbẹ̀ tí ó so ti ọ̀tún pọ̀ mọ́ ti òsì. Bí ó bá wú tí ó sì bẹ́, aláìsàn lè bẹ̀rẹ̀ sí sọ ohun tí n óò pè ní àròsọ àìmọ̀. Ẹni tí ó ti wà lórí ibùsùn ilé-ìwòsàn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lè sọ pé òun lọ sí ibi iṣẹ́ ní òwúrọ̀ yìí, kí ó sì dárúkọ àwọn tí òun bá pàdé. Bí a bá yẹ ìtàn náà wò fínnífínní, a ó rí i pé òtítọ́ pọ̀ nínú rẹ̀: ó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí, ó sì mọ àwọn ènìyàn náà. Ìrántí ọdún pípẹ́ ni ó jáde, kò sì sí ẹni tí yóò bi í léèrè ní ẹnu ọ̀nà pé ìgbà wo ni. Morris Moscovitch, ọmọ ilẹ̀ Kánádà, sọ ní ọdún 1989 pé irọ́ tí a fi òtítọ́ inú pa ni èyí. Òpùrọ́ mọ òtítọ́, ó sì fi pamọ́. Ẹni tí mo ń sọ yìí kò fi ohunkóhun pamọ́. Ohun tí ó jáde nínú àká rẹ̀ ni ó gbé fún wa.

Àwọn baba wa ní odò kì í ṣàn kí ó gbàgbé ìsun rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìwà ni wọ́n ń fi òwe náà sọ. Ti ọpọlọ yàtọ̀: ìrántí a máa ṣàn, a sì máa gbàgbé ìsun rẹ̀ lójoojúmọ́, àfi bí iwájú ọpọlọ bá ń ṣọ́ ọ.

BÍ A ṢE MỌ̀ PÉ ÀṢẸ Ń TI IWÁJÚ WÁ

Ẹnì kan lè bi mí pé: kí ni ó mú mi dájú pé iwájú ọpọlọ ni ó ń pàṣẹ, kì í ṣe pé ó kàn ń gbọ́ ohun tí àká ń sọ? Ìdáhùn tí ó dára jù lọ tí mo mọ̀ wá láti Tokyo. Yasushi Miyashita àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ àwọn ọ̀bọ láti so àwòrán pọ̀ mọ́ ara wọn. Wọ́n wá gé ìhà ẹ̀yìn afárá tí ó so ọpọlọ ọ̀tún mọ́ ti òsì, wọ́n sì fi ìhà iwájú rẹ̀ sílẹ̀. Nítorí èyí, bí a bá fi àwòrán han apá kan ọpọlọ, ìròyìn rẹ̀ kò lè gba ẹ̀yìn dé àká tí ó wà ní apá kejì. Ọ̀nà iwájú nìkan ni ó kù. Síbẹ̀síbẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń tọ́jú àwòrán ní apá kejì jí. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó jí ju ìgbà tí ìròyìn bá ti ojú wá tààrà, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ kí ó rí fún ọ̀rọ̀ tí ó gba ọ̀nà jíjìn. Nígbà tí wọ́n gé afárá iwájú náà, ìjí yìí dópin. Ọdún 1999 ni wọ́n gbé èyí jáde. Ó fi hàn pé ọ̀nà kan wà tí iwájú ń gbà jí ohun tí ó wà nínú àká lẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n kí a má sọ ju bí ó ti mọ lọ. Ní ọdún 1994, Tulving àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dábàá pé iwájú lósì ni ó ń ṣe ìpamọ́, iwájú lọ́tùn-ún ni ó ń ṣe ìyọjáde. Ọ̀rọ̀ náà wuyì, ó sì mú kí ìwádìí pọ̀. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí ó tẹ̀ lé e fi hàn pé irú ohun tí a ń rántí àti irú ìbéèrè tí a bi a máa yí ìpín náà padà. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí apá kan tí ń dá ṣiṣẹ́. Iwájú láìsí àká kò ní ohun tí yóò wá. Àká láìsí iwájú kò ní ẹni tí yóò wá a.

OHUN TÍ Ó KÀN WÁ

Kí ni kí a fi ìmọ̀ yìí ṣe? Lákọ̀ọ́kọ́, nípa àwọn àgbà wa. Ogbó a máa dín agbára wíwá kù ju bí ó ti ń dín ìdámọ̀ lọ. Nítorí náà, àgbà tí kò rí orúkọ pè, ṣùgbọ́n tí ó mọ̀ ọ́n ní kété tí a bá fi lẹ́tà kìíní ta á lólobó, yàtọ̀ sí àgbà tí a sọ orúkọ fún tí kò sì dá a mọ̀ rárá. Ẹ̀kejì ni ó yẹ kí a tètè gbé lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn. Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Indiana bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní ọdún 1992 lórí àwọn Yorùbá ní Ìbàdàn àti àwọn ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Wọ́n túmọ̀ ìdánwò náà sí Yorùbá, wọ́n sì ṣe é kí ó lè bá ẹni tí kò ka ìwé mu. Ohun tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2001 ni pé nínú 100 àgbà tí ó ti pé ọdún 65, àwọn tí àrùn ìgbàgbé ń kọlù lọ́dọọdún jẹ́ 1.35 ní Ìbàdàn, ó sì jẹ́ 3.24 ní Indianapolis. Kí a má ṣe máa pe gbogbo ìgbàgbé àgbà ní àrùn, kí a má sì ṣe máa pe àrùn ní ogbó lásán.

Lẹ́ẹ̀kejì, nípa ìjàǹbá. Ilẹ̀ agbárí níwájú rí ṣákaṣàka; bí orí bá dúró lójijì, iwájú ọpọlọ a máa ha ara rẹ̀ mọ́ egungun yìí. Ẹni tí ó já láti orí alùpùpù láìdé akoto wà nínú ewu yìí. Ó lè máa rìn, kí ó máa sọ̀rọ̀, kí gbogbo ènìyàn sì rò pé ó ti yá, nígbà tí ẹni tí ń wá nǹkan nínú àká rẹ̀ ṣì ń ṣàìsàn. Kí ará ilé rẹ̀ má pè é ní ọ̀lẹ tàbí òpùrọ́. Kí wọ́n kọ nǹkan sílẹ̀ fún un, kí wọ́n fi ohun gbogbo sí ojú kan, kí wọ́n sì bi í ní ìbéèrè tí ó ní ìránnilétí nínú.

Lẹ́ẹ̀kẹta, nípa ilé-ẹjọ́ àti àgọ́ ọlọ́pàá. Ìránnilétí ń ṣèrànwọ́, ṣùgbọ́n ìdáhùn tí a fi sẹ́nu ẹlẹ́rìí ń pa ẹjọ́. Bí a bá sọ fún ẹlẹ́rìí pé aṣọ pupa ni olè náà wọ̀, bí ó bá di ọ̀la, ó lè rántí aṣọ pupa náà, kí ó sì gbàgbé pé ẹnu wa ni ó ti gbọ́ ọ. Kí a jẹ́ kí ó kọ́kọ́ sọ tirẹ̀ tán. Ti ọmọdé gba ìṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ẹni tí yóò bá a yẹ orísun wò kò tíì dàgbà nínú ọpọlọ rẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kẹrin, nípa ẹ̀kọ́. Wíwá nǹkan nínú àká fúnra rẹ̀ ń la ojú ọ̀nà. Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke fi èyí hàn ní ọdún 2006. Apá kan nínú akẹ́kọ̀ọ́ ka àyọkà kan ní ìgbà mẹ́rin. Apá kejì kà á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n pa á dé, wọ́n sì gbìyànjú láti rántí rẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tí ó kà á ní ìgbà mẹ́rin ni ó borí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n rántí 40 nínú 100; àwọn tí ó pa ìwé dé rántí 61. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí ìbéèrè pọ̀ ní kíláàsì ju pàṣán lọ. Ọmọ tí ẹ̀rù ń bà kì í wá nǹkan dáradára.

ÌKÁDÌÍ

Mo ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìrántí kì í ṣe ìwé tí a kàn ń ṣí. Iṣẹ́ ni. Ẹnì kan wà lẹ́yìn iwájú orí wa tí ń wá, tí ń yàn, tí ń yẹ̀ wò. Ó lè rẹ̀ ẹ́, ó lè gbọgbẹ́, ó lè darúgbó, kí ọ̀rọ̀ sì wà nínú àká síbẹ̀. Nígbà tí ẹni tí a fẹ́ràn bá sọ pé òun kò rántí, ìbéèrè tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi ara wa ni pé: ṣé kò sí níbẹ̀ ni, àbí a kò tíì ta á lólobó? Sùúrù tí ó wà nínú ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí á mú lọ sílé.